Méje Lọ́nà Mẹ́jọ: Ta Ni Yóò Bi Ọmọ Léèrè?

 

Ìyá kan, olọ́ṣun, tó ń gbé nítòsí Ọjà Boundary, ló fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp lẹ́yìn tí ìwé tó kọjá jáde. Mo gbọ́ ọ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, torí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó wà ní Pírámárì 3. Ọmọ náà mọ orúkọ odù mẹ́rìndínlógún láti Èjì Ogbè dé Òfún, bí bàbá rẹ̀ bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ á sọ èyí tó jáde. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mélòó, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka, ìka á tán, á wá máa wo àjà. Ìyá fi í sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní lésìnnì, nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń jọ́sìn lọ́jọ́ Àìkú. Kò pé oṣù kan tí ọmọ fi bọ́ ìdè ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sínú báàgì ìwé, ó ní àǹtí lésìnnì sọ pé nǹkan èṣù ni. (Bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ Èṣù ṣe eré ẹnu, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ìyá yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ó wá ra fóònù ńlá, wọ́n bá a gbé áàpù ìṣirò sí i, ó gbé e lé ọmọ lọ́wọ́. Ìbéèrè rẹ̀ rèé: oṣù méjì ti lọ, ọmọ ń lo wákàtí méjì lórí fóònù lójoojúmọ́, kí ló dé tí méje lọ́nà mẹ́jọ ò tíì wọlé?

Màmá, kò sẹ́ni tó lè dá yín lẹ́bi pé ẹ yọ ọmọ yín. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ń kọ́ láti fi ìdè rẹ̀ pamọ́, nǹkan míì ni wọ́n ń kọ́ ọ mọ́ ìṣirò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó bá ọmọ yín lọ nígbà tí ẹ yọ ọ́. Àǹtí yẹn, pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ tí kò dáa, máa ń wo ojú ọmọ, á bi í léèrè, á sì dúró de ìdáhùn. Fóònù kì í dúró bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ìyá náà jókòó ti ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kó kàn máa wò ó, kó má sọ̀rọ̀. Ohun tó rí nìyí: áàpù á gbé ìdáhùn mẹ́rin jáde, ọmọ á tẹ èyí tó bá wù ú. Bí kì í bá ṣe òun, á tẹ òmíràn, títí ìràwọ̀ á fi jáde tí agogo á dún. Ọmọ ti kó ìràwọ̀ jọ bí ẹni kó ẹ̀wà. Bo ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀, kò mọ ọ̀kan. Nínú wákàtí méjì ọ̀hún pàápàá, fíìmù ọmọdé ló ń wò fún èyí tó pọ̀ jù.

Kí ni a ní kí ọmọ mọ̀ gan-an? Àwọn ìṣirò kéékèèké tí kò yẹ kó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ rò, tó yẹ kó mọ̀ bó ṣe mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Mẹ́fà àti méje jẹ́ mẹ́tàlá. Yọ mẹ́jọ kúrò nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ku méje. Àti ìsọdipúpọ̀ tí àwọn ọmọ ń pè ní táímù-tébù, láti orí kan dé méjìlá. Kíka ìka kò burú o, ìka ni gbogbo wa fi bẹ̀rẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé tó bá dé Pírámárì 4 tàbí 5, wọ́n á ní kó sọ 68 di púpọ̀ lọ́nà 47. Ìsọdipúpọ̀ kéékèèké mẹ́rin ló wà nínú ìyẹn nìkan: méje lọ́nà mẹ́jọ, méje lọ́nà mẹ́fà, mẹ́rin lọ́nà mẹ́jọ, mẹ́rin lọ́nà mẹ́fà. Ọmọ tó bá lọ ka ìka fún àkọ́kọ́, kó tó padà dé, ó ti gbàgbé ibi tó bá iṣẹ́ dé. Ìdánwò àṣewọlé girama kì í sì í dúró de ẹni tó ń ka ìka.

Ṣé ó wá pọ̀ ni? Ẹ jẹ́ ká kà á. Méjìlá lọ́nà méjìlá, 144 ni. Ṣùgbọ́n méje lọ́nà mẹ́jọ àti mẹ́jọ lọ́nà méje, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí a bá da àwọn ìbejì yẹn pọ̀, 78 ló kù. Nínú 78 yìí, ti oókan kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ. Ti eéjì, ìlọ́po méjì lásán ni. Ti márùn-ún àti mẹ́wàá, ọmọ tó bá ti ń bá ìyá rẹ̀ gba ṣéńjì lọ́jà ti mọ̀ ọ́n. Ẹ yọ gbogbo ìwọ̀nyẹn kúrò. Ó ku 36. Mẹ́rìndínlógójì péré! Ọmọ tó mọ ojú odù mẹ́rìndínlógún, tó ti há ẹsẹ̀ Ifá mélòó kan sórí, kí ni 36 fẹ́ fi í ṣe? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní olódo níwájú yín. Orí rẹ̀ pé. Ọ̀nà tí odù gbà wọ inú orí yẹn ló yẹ kí ìṣirò náà gbà.

Ọ̀nà wo sì nìyẹn? Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ Ifá mọ̀ ọ́n. Ojúgbọ́nà á sọ, ọmọ awo á sọ tẹ̀lé e. Díẹ̀ ni lónìí. Lọ́la, kí wọ́n tó fi kún un, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ti àná. Àwọn ojú odù mẹ́rìndínlógún ló ń ṣáájú, kí wọ́n tó dé orí 240 tó jẹ́ àmúlù. Kò sí ìràwọ̀, kò sí agogo, kò sí ìdáhùn mẹ́rin tí ọmọ á máa fojú díwọ̀n. Ó mọ̀ ọ́n ni tàbí kò mọ̀ ọ́n, bí kò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á tún un sọ. Òótọ́ ni pé ojúgbọ́nà àtijọ́ mìíràn a máa fi pàṣán kún un. Ẹ fi pàṣán sílẹ̀ níbi tó wà.

Mo fẹ́ yà díẹ̀ síbì kan. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn láti máa sọ pé Ifá ló ṣáájú kọ̀ǹpútà. Wọ́n á ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, ojú kọ̀ọ̀kan lè dojú dé tàbí kó ṣí sílẹ̀, méjì lọ́nà méjì títí dé ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ jẹ́ 256, iye yìí náà ni bàìtì kan nínú kọ̀ǹpútà lè gbà. Òótọ́ ni iye yẹn, inú mi náà sì ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n kí ni àǹfààní fáàrí yẹn bí ọmọ tó wà nílé kò bá mọ iye tí 64 àti 64 jẹ́? Ẹ lò ó fún iṣẹ́. Kí ọmọ máa ṣe ìlọ́po méjì nígbà tó bá ń gbálẹ̀: 2, 4, 8, 16, 32, 64, 128, 256. Bó bá dé 256 láìṣìṣe, ó ti dé iye odù, àròpọ̀ rẹ̀ sì ti gún régé.

Mi ò bá ẹ̀rọ jà. Ní ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì jáde fún àwọn ọmọ girama àgbà, ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí wọ́n ti mú orúkọ yẹn wá. Ó dùn mọ́ mi gan-an nígbà náà. Àmọ́ ọpọ́n kì í tẹ Ifá fúnra rẹ̀, babaláwo ló ń tẹ̀ ẹ́. Ní Èkó wa níbí náà, láti ọdún 2020 ni àwọn olùkọ́ pírámárì ìjọba ti ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì kọ́ni lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní EKOEXCEL. Bí ọmọ yín bá wà ní ilé-ìwé ìjọba, ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀, ẹ béèrè ibi tí wọ́n bá ìṣirò dé lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n á sọ fún yín.

Ní ti ohun tí fóònù lè ṣe fún ọmọ kékeré, ìtàn tó yé mi jù lọ wá láti orílẹ̀-èdè Bòtswánà. Ní 2020, nígbà tí kòrónà ti ilé-ìwé pa, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Young 1ove nígbà náà àti àwọn olùwádìí kan mú nǹkan bíi ìdílé 4,500, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kan kò gba nǹkan kan. Apá kejì ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ìṣirò mélòó kan tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́. Apá kẹta ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n olùkọ́ tún ń pe ilé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bíi ìṣẹ́jú 15 sí 20. Á ní kí òbí pe ọmọ wá, kí wọ́n gbé ohùn fóònù síta, ọmọ á ṣe ìṣirò náà létí òbí rẹ̀. Kò sí áàpù níbẹ̀, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù onítẹ̀ lásán tó. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ wò, àwọn tí wọ́n ń pè tẹ̀ síwájú nínú ìṣirò. Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan kò mú ohun tó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà wá. Àwọn òbí tí wọ́n pè náà wá mọ ibi tí ọmọ wọn dé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣe irú rẹ̀ ní Kẹ́ńyà, Ùgáńdà, Íńdíà, Nepal àti Philippines, ó sì tún so èso.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìṣirò kan náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí apá kejì àti ìkẹta. Ohùn ènìyàn tó béèrè, tó sì dúró, ni ìyàtọ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Apápá àti Tin Can, ọ̀rọ̀ yín ni mo ń sọ báyìí. Ẹ ń jáde kí àkùkọ tó kọ, ọmọ ti sùn kí ẹ tó wọlé, àwọn tírélà ti gba ọ̀nà. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan ní Mile 2 tàbí Wharf Road, tí dírẹ́bà ti paná mọ́tò, kí ni ẹ ń fi fóònù ọwọ́ yín ṣe? Ẹ pe ilé. Ìbéèrè márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́ta, kírẹ́díìtì tí kò tó owó búrẹ́dì. Ẹ má béèrè pé “ṣé o ti kàwé?” torí “bẹ́ẹ̀ ni, sà” ni ẹ ó gbọ́, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ẹ ní: “Mẹ́fà lọ́nà méje?” Kí ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ rò ó. Bó bá ti mọ ọ́n, ẹ fi oríkì rẹ̀ kí i níbẹ̀, kí gbogbo dánfó gbọ́: “Àjàní, o káre!” Agogo áàpù wo ló lè bá ìyẹn dọ́gba létí ọmọ?

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Àdúgbò wa kún fún Ìlàjẹ, Ègùn, Ìjọ̀, Urhobo, Ígbò àti Yorùbá, pijin ni àwọn ọmọ fi ń ṣeré lójú títì, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ti kíláàsì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìṣirò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ rántí Ilé-Ifẹ̀. Ní 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá níwájú, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ti ẹ̀rọ náà kò yàtọ̀. Ní Tànsáníà, nínú ìdíje Global Learning XPRIZE, wọ́n gbé tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ tó ń lọ bíi 2,700 ní abúlé 170, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò tíì wọ ilé-ìwé rí. Èdè Swahili ni ẹ̀rọ náà fi bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì kọ́ ìwé àti ìṣirò lórí rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2019 ni ẹgbẹ́ méjì, onebillion àti Kitkit School, jọ pín ẹ̀bùn 10 mílíọ̀nù dọ́là ìdíje náà. Áàpù tó wà lórí fóònù ọmọ olọ́ṣun wa yìí, ohùn òyìnbó Amẹ́ríkà ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ọmọ kò sì gbọ́ ìdajì ohun tó ń wí.

Ìṣirò tiẹ̀ wà nínú orúkọ òǹkà wa fúnra rẹ̀. Ogójì, ogún méjì ni. Ọgọ́ta, ogún mẹ́ta. Ọgọ́rin, ogún mẹ́rin. Ọgọ́rùn-ún, ogún márùn-ún. Ọgọ́fà, ogún mẹ́fà. Ọgọ́je, ogún méje. Ọmọ tó bá ka èyí dé igba ti ní táímù-tébù ogún lẹ́nu, ilé-ìwé rẹ̀ ò sì tíì débẹ̀. Àyọkúrò náà wà níbẹ̀: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún tó dín márùn-ún. Méje lọ́nà mẹ́jọ tó ń da ọmọ wa láàmú, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, ọgọ́ta tó dín mẹ́rin. Mi ò sọ pé ó rọrùn o. Àgbà tó lè ka òǹkà Yorùbá kọjá àádọ́ta láìkọsẹ̀ kò pọ̀ mọ́ láàárín wa, ọmọ Pírámárì 3 á sì ní kí lẹ ń pè ní mẹ́tàdínláàádọ́ta. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kó mọ̀ ọ́n ní méjèèjì. Kó kọ́kọ́ yé e ní èdè tó fi ń ronú, lẹ́yìn náà kó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe fẹ́ gbọ́ ọ ní kíláàsì. Bó bá jẹ́ pijin tàbí Ègùn ló fi ń ronú, ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo dé ibi tí mo fẹ́ kí ẹ mú pẹ́ńsù sí. Ará Jámánì kan, Ebbinghaus, tẹ ìwé jáde ní 1885 lórí bí ènìyàn ṣe ń gbàgbé. Ó rí i pé ohun tí a bá kọ́ lónìí máa ń sá lọ kíákíá ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń padà sí i, tí a fi àyè sáàárín ìpadàbọ̀ kan sí èkejì, á dúró. Àwa ní kàlẹ́ńdà tó bá èyí mu bí ìbọ̀wọ́ ṣe bá ọwọ́ mu. Ọrún, ìsán, ìtàdógún. Torí pé a máa ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ọrún jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin sí òní, ìsán jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ, ìtàdógún jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá kan náà, tí ilé yóò ti jọ wà pọ̀ tẹ́lẹ̀ fún obì àti omi tútù. Ìṣirò méjì tuntun ni kí ẹ kọ́ ọmọ lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè wọn fẹ́ẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ títí ọ̀sẹ̀ mìíràn yóò fi pé. Ní ọrún, ẹ tún béèrè wọn. Ní ìsán, ẹ tún béèrè. Ní ìtàdógún, ẹ béèrè. Bó bá kùnà, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọrún rẹ̀. Nígbà tí ètò yìí bá ti fẹsẹ̀ rinlẹ̀, ìbéèrè mẹ́jọ ni yóò máa wà lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: méjì tuntun, méjì ọrún, méjì ìsán, méjì ìtàdógún. Kò ní í gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣirò 36, méjì lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 18 ni, ìyẹn ọjọ́ 72. Ìtàdógún ti àwọn tó kẹ́yìn á bọ́ sí ọjọ́ kẹrìnlélọ́gọ́rin. Ìwé yìí á tún jáde ní bíi ọjọ́ 90. Ẹ ti rí i.

Iṣẹ́ fóònù nínú ètò yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúlò. Lórí kàlẹ́ńdà Google, ẹ lè ní kó máa rán yín létí ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ bá yín tò ó, kó sì wádìí èyí: bí ọ̀sẹ̀ Ifá bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ mélòó ni yóò tó tún bọ́ sí ọjọ́ Ajé? Ọjọ́ 28 ni, mẹ́rin lọ́nà méje. Ìyẹn ọ̀kan ti wọlé láìsí ariwo.

Ẹ tún lè gba ohùn sílẹ̀. Ìyá àgbà tí kò mọ ìwé kà lè ṣe é, òun gan-an ló dára jù. Á sọ pé “Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́fà,” á dákẹ́, á ka oókan dé aárùn-ún nínú ọkàn rẹ̀, á wá sọ pé “mẹ́rìnléláàádọ́ta.” Ọmọ gbọ́dọ̀ dáhùn kí ohùn ìyá àgbà tó dáhùn. Ẹ gba mẹ́jọ sílẹ̀ fún ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pa dátà. Bí ẹ bá ní fóònù Android, áàpù kan wà tí wọ́n ń pè ní AnkiDroid, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà bí ẹ bá ti gbé e sórí fóònù. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó kọ ìbéèrè sí ojú káàdì kan, ìdáhùn sí òdìkejì, ẹ sì lè fi ohùn yín sí i. Ó máa ń ṣírò ọjọ́ tí káàdì kọ̀ọ̀kan yóò padà wá fúnra rẹ̀. Kò rẹwà, kò ní eré, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rọ ìṣirò tó wà lórí fóònù onítẹ̀ náà wúlò, bó bá jẹ́ pé ọmọ ti sọ ìdáhùn tirẹ̀ síta kó tó tẹ̀ ẹ́. Ẹlẹ́rìí ni kó jẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ìpolówó inú àwọn áàpù ọ̀fẹ́. Ọmọ á tẹ ibi tí kò yẹ, ilé tẹ́tẹ́ á ṣí. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tó wà ní Ajégúnlẹ̀ ti pọ̀ tó, ẹ má gbé òmíràn wọ yàrá. Ẹ tan fóònù sí ipò ọkọ̀ òfuurufú kí ẹ tó gbé e fún un. Mi ò sì fẹ́ràn áàpù tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá lé ọmọ lórí. Àwọn ọmọ kan wà tí àyà wọn á já, ohun tí wọ́n mọ̀ á sì fò lọ.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kò nílò fóònù fún èyí rárá. Ọpọ́n ayò tó. Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀, mẹ́rìnlélógún níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti jẹ márùndínlọ́gbọ̀n, ó ti borí. Kó kà á kó tó gbà á. Owó ẹyọ náà ńkọ́? Àwa tí a ń bọ Ajé, tí a tún ń gbé ibi tí wọ́n ní Ajé gúnlẹ̀ sí, ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan owó ẹyọ. Márùn-ún márùn-ún ni àwọn àgbà ń fà á nílẹ̀ bí wọ́n bá ń kà á. Ìfà mẹ́rin di ogún. Ogójì di okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ẹ̀yin olọ́ṣun tí ẹ ń da ẹẹ́rìndínlógún, lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, tí ẹ ti yọ owó ẹyọ ti òrìṣà sọ́tọ̀, ẹ da mẹ́rìndínlógún mìíràn sílẹ̀ fún ọmọ. Mẹ́sàn-án ṣí, mélòó ló dojú dé? Márùn-ún ṣí, mélòó ló dojú dé? Bó bá ti ṣe é títí kò ka ilẹ̀ mọ́, ó ti mọ gbogbo ọ̀nà tí nǹkan méjì fi ń pé mẹ́rìndínlógún.

Ẹ̀gbọ́n tó wà ní JSS lè jẹ́ olùbéèrè, àbúrò ìyá lè jẹ́ ẹ, aládùúgbò tó fẹ́ràn ọmọ lè jẹ́ ẹ. Ẹnì kan ṣá gbọ́dọ̀ wà. Ẹ kọ 36 náà sórí páálí, ẹ gbé e kọ́ síbi tí gbogbo ilé ti ń rí i, kí ọmọ máa fi ẹfun sàmì sí èyí tó bá ti kọjá ìtàdógún.

Fún ọ̀sẹ̀ Ifá tó ń bọ̀, méjì àkọ́kọ́ rèé: mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, mẹ́sàn-án, mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin, méjìlá. Ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e: mẹ́ta lọ́nà mẹ́fà, méjìdínlógún, mẹ́ta lọ́nà méje, mọ́kànlélógún. Méje lọ́nà mẹ́jọ á dé bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé.